Ọdún tí wọ́n sanwó ẹkún fún mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òpin ọdún o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń dúró kí n máa ka oṣù lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe. Tọdún yìí ò ní oṣù. Bí omi Ìkọ̀gòsì ló rí, gbígbóná àti tútù ń ṣàn pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń lọ, Bàbá Ìbejì ń hanrun, gbogbo yín kúkú mọ ìyẹn.

Ẹ mọ irú ipa tí wọ́n ń fún mi. Èmi ni mo máa ń gbé omi kọjá lẹ́yìn ọba. Èmi ni aládùúgbò tó sáré jáde ké pé "Yéè, wọ́n ti pa á o!" tí ẹ ò tún ní rí mọ́ títí fíìmù á fi parí. Bí ìtàn bá ń fẹ́ àlejò tẹ́nì kan ò mọ ibi tó ti wá, wọ́n á ní ẹ pe Ìyá Kétu, torí ahọ́n mi ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí Bàbá Ìbejì ti ń kó táyà tòkunbọ̀ láti Kútọnu, tó wá kó èmi náà mọ́ ọn dé Adó-Èkìtì, ahọ́n yìí ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Lọ́dún yìí, dírẹ́kítọ̀ wa (ọmọ tó ń pè mí ní "màmá mi", tó sì ń ná mi bí ẹní ń ná àgbàdo) ní kí n wá sunkún lórí òkú olóyè kan. Ó ní n ò gbọdọ̀ pariwo. Ó fi fíìmù àtijọ́ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n wo ìyá kan níbẹ̀.

Maria Ouspenskaya lorúkọ ìyá náà. Tula ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1876. Òun àti ẹgbẹ́ tíátà Moscow lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn yòókù ń relé ní 1924, ó dúró. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ ní New York ní 1929. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà tí fíìmù Dodsworth jáde ní 1936. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi rí i níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar, lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún àwa tá a kì í ṣe olórí eré. Mo ní àwa o, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Kò rí i gbà. Wọ́n tún yàn án fún fíìmù 1939, Hattie McDaniel ló gbé e lọ, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Oscar. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi Hattie sí lálẹ́ ọjọ́ náà. N ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n bá sunkún.

Nínú The Wolf Man, ti 1941, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ọmọ ìyá yìí kú. Kò ké. Ó dúró, ó bá òkú sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kétu wa ní ilẹ̀ Benin. Ẹ rántí Ìyá wa, tí wọ́n máa ń fi fóònù bú mi bí wọ́n bá ti pa mí nínú fíìmù, tí wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún àwọn ará Èkìtì kí wọ́n yéé pa ọmọ àwọn. Mùsùlùmí ni wọ́n. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó pè, wọ́n ti sin wọ́n. N ò ní ibì kankan tí mo fẹ́ sáré lọ lóru yẹn, n ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tan kámẹ́rà, mo kúnlẹ̀. Ẹkún ò wá. Mo ń bá òkú sọ̀rọ̀ ní ohùn Kétu. Mo bi í bóyá wọ́n po omi gbígbóná mọ́ èyí tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, torí kì í fẹ́ omi tútù. Ìyẹn ò sí nínú ìwé eré. Ẹnì kankan ò ní ká dúró, àfi ìgbà tí omi yọ lójú òkú. Òkú ń sunkún! Ọmọkùnrin tí wọ́n sanwó fún pé kó ṣáà dùbúlẹ̀ kó dákẹ́. Wọ́n ní ká tún un yà. Iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo bá wọn ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Abẹ́òkúta ni mo gbà, mo já sí Ìmẹ̀kọ. Nílé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má yangàn lórí eré ṣíṣe: ọkùnrin ìlú wa ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ń fi ara wọn ṣe obìnrin láti yẹ́ àwọn ìyá sí, àjọ àgbáyé UNESCO sì ti kan sáárá sí i láti 2001. Ó ní èmi tí mo jẹ́ obìnrin gan-an, omi ni mo ṣì ń gbé kọjá.

Ẹ̀yin ìyá Ọjà Ọba l'Adó, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń wá aṣọ eré fún wa ló tú àṣírí mi. Ẹ gún iyán wá títí mo fi fura pé ẹ gbà pé iyán ni oògùn rẹ̀. Ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù náà ò tíì jáde. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn máa lò, àwọn á gé e kí ojú òkú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà omi. Ní December 1949 ni Ouspenskaya kú, fíìmù rẹ̀ kan sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Èmi ṣì lọ́jọ́ lórí nìyẹn. Dírẹ́kítọ̀ ti pè pé iṣẹ́ ń bọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní January, pé ipa mi ní orúkọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo bi í bóyá n óò kú. Ó ní wọn ò tíì kọ ibẹ̀. Mo ní kó sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wa nílé nípa ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì owó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. A ti gbọ́ Mọ́ńdè yẹn rí.