Ojú Ìwé Ìlera Tí A Máa Ń Fi Sílẹ̀ Láìkọ Nínú Fóòmù Ilé-Ìwé

Láti ìgbà tí oṣù Kẹjọ ti wọlé ni àwọn òbí àdúgbò wa ní Mushin ti ń bi mí léèrè àwọn ìwé tí ó yẹ kí wọ́n kó dání bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ìwé tuntun, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo ti ṣe ètò náà fún ọmọ mẹ́ta. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò gùn. Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Elétò Ìkànìyàn, àwòrán pásípọ́ọ̀tù, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti èsì ìdánwò sáà tó kẹ́yìn bí ọmọ bá ń ti ilé-ìwé mìíràn bọ̀: ẹni tí ó bá ti ní ìwọ̀nyí lọ́wọ́ kò ní wàhálà púpọ̀ mọ́. Láti ọdún 2004 ni òfin ti sọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba, láti kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdírì kékeré, ó sì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, nítorí náà kò yẹ kí ọmọ kankan jókòó sílé nítorí pé apá òbí rẹ̀ kò ká owó ilé-ìwé aládàáni. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ lónìí ni ojú ìwé kan tí ó máa ń wà lẹ́yìn fóòmù, èyí tí wọ́n fi ń béèrè nípa ìlera ọmọ. Mo fi tèmi sílẹ̀ láìkọ nígbà kan, ọmọ mi ni ó sì jìyà rẹ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. SS ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. AS ni èmi, AS ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ni pé àìsàn náà kò ṣe wá, ṣùgbọ́n a lè bí i mọ́ ọmọ; a kò sì ṣe àyẹ̀wò kí a tó fẹ́ra wa. Nígbà tí a fẹ́ fi í sí kíláàsì kìíní, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì ilé-ìwé náà, mo kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì wa àti iṣẹ́ tí a ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọmọ náà ní àìsàn kan tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀, mo ṣí ìwé náà kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn kò ní gbà á. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí wọ́n bá gbà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní síkúlà, àwọn olùkọ́ á sì máa wò ó bí ẹni tí kò ní pẹ́ láyé. Ìyá ọkọ mi, tí ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú, ti kìlọ̀ fún mi kí n tó jáde nílé pé, "Ìyàwó mi, a kì í gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àjòjì o." Mo gba ọ̀rọ̀ màmá.

Ní oṣù Kìíní tí ó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a sì pẹ́ dé ilé-ìwé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ tí a bá pàdé ní Ìdí-Òrò. Mo já a sílẹ̀ ní géètì, mo yára lọ sí ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ̀ pé wọ́n ní kí gbogbo àwọn tí ó pẹ́ dé kúnlẹ̀ níta lórí sìmẹ́ńtì tútù. Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́wàá, ọmọ náà sọ fún àǹtí kíláàsì rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, àǹtí sì rò pé iṣẹ́ ìṣirò ni kò fẹ́ ṣe. Ó tọrọ omi, wọ́n ní kí ó dúró di àkókò oúnjẹ. Aago kan ọ̀sán ti lù kí wọ́n tó pè mí lórí fóònù, kò sì lè dìde dúró mọ́. Òru mẹ́rin ni a sùn ní ọsibítù, tí wọ́n ń fa omi sí i lára, tí wọ́n ń fún un ní oògùn ìrora. Olùkọ́ náà wá kí wa ní ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ká ní mo mọ̀ ni, n kò ní jẹ́ kó wà nínú òtútù yẹn."

Fífi ọmọ kúnlẹ̀ nínú ọyẹ́ kò dára fún ọmọ kankan, ìbáà jẹ́ AA, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé náà láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yẹn kò lè ṣọ́ ohun tí kò mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ó ní àìsàn yìí máa ń tẹ̀ bí dòjé nígbà tí omi ara rẹ̀ bá dín, tí òtútù bá mú un, tí ibà bá kọ lù ú tàbí tí ó bá ṣe ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ yìí á wá há sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ìrora tí ó le á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí mọ̀ pé omi tí ọmọ náà tọrọ ní aago mẹ́wàá kì í ṣe àṣejù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, nítorí náà kò dá mi lójú pé kíláàsì ńlá kan wà ní Èkó tí ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Nígbà tí a mú un lọ sí ilé-ìwé mìíràn, mo kọ SS sí ibi tí ó yẹ, mo sì so ìwé kan mọ́ fóòmù náà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo kọ orúkọ àwọn oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́ sí i, ìyẹn Folic acid àti Paludrine, àti pé ilé ni ó ti ń lò wọ́n kí olùkọ́ má baà dààmú. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ike omi rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ tọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá béèrè, nítorí kíndìnrín àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró bíi ti àwọn yòókù. Ó lè ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kí ó sinmi nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí aṣọ tútù pẹ́ lára rẹ̀ bí òjò bá pa á. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38, kí wọ́n má kàn fún un ní Panadol kí wọ́n wá jókòó máa wò ó lásán. Kí wọ́n pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọsibítù ni ó kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àyà bá ń dùn ún tí kò sì lè mí dáadáa, bí ara rẹ̀ bá funfun lójijì, bí orí fífọ́ tí ó le bá mú un, tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tí ọwọ́ kan kò sì ní agbára. Mo fi kún un pé ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè kì í ṣe àìsàn tí ó lè ràn mọ́ ọmọ mìíràn. Ẹ̀dà mẹ́rin ni mo ṣe: ti ọ̀gá ilé-ìwé, ti olùkọ́ kíláàsì, ti olùkọ́ eré ìdárayá, àti ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá náà kà á tán, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún wa. Òun kọ́ ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ níbí, Mọ́mì." Gbogbo ẹ̀rù ọdún yẹn, tí kò jẹ́ kí n kọ lẹ́tà méjì péré sínú ìwé!

Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ṣe kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ rẹ̀, tàbí kí ó lọ sí ọ́fíìsì Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH. Ohun tí mo sọ yìí kan àwọn ọmọ tí ó ní ikọ́ fée pẹ̀lú, àwọn tí gìrì tàbí wárápá máa ń mú, àti àwọn tí ẹ̀pà tàbí ẹyin kò bá lára mu. Ọmọ tí ó ń lo ínhélà gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan ní ilé-ìwé, kí olùkọ́ sì mọ ibi tí ó wà. Kò wúlò bí ó bá wà nínú dúróà tí wọ́n tì pa.

Ní ti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó fi lélẹ̀. Abẹ́rẹ́ èèyi ti oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rántí, tí wọ́n á sì gbàgbé ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ padà sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n bá yín wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Fún ọmọ SS, abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà òtútù àyà, èyí tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí àìsàn náà máa ń ba ẹ̀yà ara kan ní apá òsì ikùn jẹ́ tí ó yẹ kí ó máa bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá sì ń gba abẹ́rẹ́ HPV, tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọmọ mi ti gbà á.

Kí ẹ tó san owó, ẹ rìn yí ilé-ìwé náà ká. N kò lè gbàgbé ilé tí ó wó ní Ìta Fáájì ní Èkó Ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé-ìwé wà ní òkè rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Ẹ wo òpó àti ògiri bóyá wọ́n ti sán. Ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn tí àwọn ọmọ lè gbà jáde bí iná bá sọ. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí omi mímu ti ń wá, nítorí àwa tí a wà ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 mọ ohun tí kọ́lẹ́rà ṣe. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó lè wá mú ọmọ sílẹ̀, títí kan awakọ̀ kórópe, kí ẹ sì jẹ́ kí 767 àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, wà lórí fóònù yín.

Ọmọ mi ń wọ sẹ́kọ́ńdírì kékeré ní oṣù Kẹsàn-án yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gba bírò lọ́wọ́ mi nígbà tí a dé ojú ìwé ìlera, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́. Ìwé tí mo so mọ́ fóòmù ilé-ìwé kejì ni a jọ tún ṣe: ó yọ ọ̀rọ̀ aṣọ tútù kúrò, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì fi kún un pé kí olùkọ́ má ṣe pe orúkọ òun lójú kíláàsì bí òun bá ń jáde lọ tọ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ni a tún ṣe. Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá wọlé, a máa lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kí agogo tó lù. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ṣe àlàyé.