Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Rèé o, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fún omi lára aṣọ àdìrẹ mi lánàá. Aṣọ yáàdì márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi lọ́ ọ, omi aró ń ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ mi lọ sílẹ̀, mo sì ń sunkún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé nǹkan tún ti ṣe mí ni. Ọ̀kan ti sáré lọ gbé àga. Mo ní ẹ fi mí sílẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni, ẹ jẹ́ n sun ún tẹ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò gbé aṣọ tuntun síta mọ́, tí ẹ sì ń gbọ́ oríṣiríṣi, òótọ́ lẹ gbọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Wọ́n ní ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là á dá. Tèmi kì í ṣe fìlà o, gèlè orí mi ló ṣí, ó tún fẹ́ bọ́ ìró mọ́ ọn. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo ti ro ẹ̀kọ láfún sílẹ̀, mo ti sẹ́ ẹ, mo jókòó ti aṣọ funfun, mo ti ya ìlà àkọ́kọ́. Ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń ya ọnà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú un. Ó tún bọ́. Mo ní àbí òróró ló wà lọ́wọ́ mi ni, mo nù ún mọ́ ìró. Ìgbà kẹta, ojú mi ń wo ìyẹ́ nílẹ̀, ọwọ́ mi kò lọ. Mo ń rán an níṣẹ́, kò jẹ́. Mo fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ mi, orúkọ rẹ̀ wà lọ́kàn mi kedere, ṣùgbọ́n ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lóru, torí ojú mi ló ṣe nígbà tí ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu, tó rí i pé ẹnu mi ti wọ́.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ méjì, wọ́n ní kí n lọ sùn. Wọn ò wọn ìfúnpá mi o! Aládùúgbò wa kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré tó figbe ta. Ó gba ife àgbo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rọ ọ́ sí mi lẹ́nu, ó ní bí ẹnu bá ti wọ́ báyìí, ọ̀fun náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́, omi lásán lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí a dé ọsibítù, 220 lórí 120 ni wọ́n bá lára mi. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan kan ní apá òsì ọpọlọ, òun ló fi jẹ́ apá ọ̀tún ara ló rọ. Èmi yìí kan náà ni mo ti pa oògùn ìfúnpá tì láti ọdún Kérésì, pé ara mi ti le. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ yẹ àpò oògùn tiyín wò.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kẹta ni bọ̀dá físíò, ẹni tó ń kọ́ ara tó rọ bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́, yọ sí mi. Èmi rò pé ẹni tó ń wọ́ni lára ni, mo ti ń retí òróró. Kò mú òróró kankan dání. Ó wọn ìfúnpá mi, ó ní kí n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ìjókòó lásán! Mo ń ṣubú sápá ọ̀tún bí àpò gààrí tí kò kún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé mi dìde lọ́jọ́ náà, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Láti ìjókòó a bọ́ sí ìdìde, láti ìdìde a bọ́ sáàárín irin gbọọrọ méjì tó wà nínú yàrá wọn, tí èèyàn máa ń dì mú bó bá ń kọ́ ìrìn. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyá àgbà kan tó ń bá orúnkún wá síbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹní ń kí ọmọ tó ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.

Kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé, bọ̀dá físíò béèrè pé, “Mọ́mì, àtẹ̀gùn mélòó ló wà níwájú ilé yín?” Ta ló ń ka àtẹ̀gùn ní Ìjẹmọ̀? Orí àpáta la kọ́lé sí, ṣebí abẹ́ Olúmọ náà ló ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ọmọ mi lọ kà á: 14, láì ka ibi tí àpáta ti ń yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú mi gun àtẹ̀gùn onígi tó wà nínú yàrá wọn títí òógùn fi ń bo mí. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá náà, ọwọ́ òsì mi tí kò ní àrùn ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀pá fún bàbá yín sí apá tó ti rọ, ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí dókítà ní kí n tún máa lọ sọ́dọ̀ àwọn OT, àwọn tó ń fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ tọ́jú aláìsàn, mo bú sẹ́kún. Ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta máa mọ̀dí ẹ̀. Àrò, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, la mọ OT mọ́. Láti ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà tó darí ibẹ̀ nígbà kan, la ti ń gbọ́ pé wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Mo ní orí mi ti dàrú nìyẹn, wọn ò kàn fẹ́ sọ fún mi ni. Àfi bí ọmọbìnrin kékeré kan ṣe wọlé, ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo pè é ní dókítà, ó ní òun kì í ṣe dókítà, mà. Ó ní, “Bọ̀dá físíò ń wá bí ẹ ó ṣe rìn dé ìdí ìkòkò aró. Èmi ń wá ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe tí ẹ bá débẹ̀.” Ọ̀ṣòdì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà fún un. Ó ní àwọn ò pọ̀ rárá ní Nàìjíríà. Mo wá mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé irú wọn wà.

Kò bi mí léèrè àìsàn. Ó bi mí pé láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni ọwọ́ mi máa ń ṣe? Mo ń kà á, mo ń sunkún: ó ń ro láfún, ó ń ya aṣọ, ó ń fún aṣọ, ó ń ka owó, ó ń wé gèlè. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan wá, bọ́tìnì mẹ́fà. Ó ní ọwọ́ tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọ inú aṣọ, òun náà ló máa jáde kẹ́yìn. Bọ́tìnì mẹ́fà yẹn gbà mí ní ìṣẹ́jú 35. Mo ti fẹ́ yẹ̀yẹ́ ẹ̀ nínú mi pé àbí mo ń lọ síléèwé jẹ́léósinmi ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìkẹfà, mo wo òkè mo rí i pé ojú òun náà ti pọ́n.

Ó wé fóòmù mọ́ ìdí ṣíbí kó lè tóbi lọ́wọ́ mi. Ó da ẹ̀wà sáwo, ó ní kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé dígí sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì, ó fi ti ọ̀tún pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n máa ṣí òsì, kí n máa pa á dé, kí n máa wo inú dígí. Ẹ̀yin èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún mi ń ṣí! Mo mọ̀ pé òsì ni, ojú mi kò gbà. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà odò ni: ojú ọ̀nà àtijọ́ ti dí, ọpọlọ gbọ́dọ̀ la tuntun, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń là á, bí a bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, koríko á bò ó. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ máa fún mi lóúnjẹ, ó rọra gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ dúró síta. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe ìyá yín bí ẹyin, ẹ gbọ́ o.

Ó wá ku ẹ̀yin yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi, tí ẹ ń fojú wọn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú. Ẹnì kan bi ẹ̀gbọ́n mi níwájú mi pé ta ni wọ́n máa fi síbẹ̀ báyìí. Ẹnu mi ló wọ́ o, etí mi ò di! Ẹlòmíràn fa ọwọ́ mi tó rọ láti gbé mi dìde, èjìká náà dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fa ọwọ́ ẹni tó ní rọpárọsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àti ìwọ tó ní àfiṣe ni, tó ní kí n pa físíò tì kí n wá dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ 21: mo gbàdúrà, mo ṣì ń gbà á. Pásítọ̀ wa gan-an ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí físíò ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé. Ta ló wá ní ìgbàgbọ́ jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Mi ò ní purọ́, mo ṣíwọ́ níbì kan. Oṣù kẹrin. Owó ìtọ́jú, owó kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kò tíì lè mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Mo da ẹ̀wà ọmọ náà nù mọ́lẹ̀, mo ní kó má yọ mí lẹ́nu mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lọ. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń ka àtẹ̀gùn wa bó ṣe ń gùn ún bọ̀. Ìyẹ́ adìẹ ló mú wá. Ó ti wé fóòmù mọ́ ìdí rẹ̀, bíi ti ṣíbí. Ó ti lọ jókòó ti àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú láti wo bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ẹnikẹ́ni ò rán an, ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀ fún un.

Ó ní kí n ya nǹkan. Ẹ̀gbá ni mí, ṣùgbọ́n ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni ìyá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, òun lọwọ́ mi lọ bá. Òpó gbọ̀ngàn Màpó ìlú Ìbàdàn tí mo yà, ó dà bí ògiri tí òjò ọdún mẹ́ta ti pa. Ṣíbí tó máa ń wà láàárín àwọn òpó náà, tèmi jọ ahun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dákẹ́. Ọmọ yìí gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ọwọ́ ta ló ya eléyìí?” Mo ní tèmi ni. Ó tún bi mí. Ìgbà kẹta ni mo tó pariwo pé ọwọ́ MI ni! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló padà o. Ìka tó kéré jù ṣì ń ṣorí kunkun, ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń wọ́ nílẹ̀ bó bá ti rẹ̀ mí lálẹ́. Mo ń lo oògùn mi, ẹ má ṣèyọnu. Àmọ́ mo ti padà sídìí ìkòkò, ẹni tó bá fẹ́ aṣọ, kó pè.

Aṣọ tí òpó rẹ̀ wó yẹn nìkan ni mi ò tà. Oníbàárà kan láti Èkó fẹ́ san ìlọ́po méjì, ó ní ọnà tuntun ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ti rẹ ẹ́ láró, mo lù ú, mo ká a, mo gbé e lọ fún ọmọ náà ní ọsibítù láàárọ̀ yìí. Mo ní kó fi rán bùbá. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì lòun máa fi rán, bọ́tìnì mẹ́fà níwájú, èmi ni mo sì máa wá fi ọwọ́ ọ̀tún dè é fún òun.