Ẹni tó pe Rẹ̀mí bí ìyá mi ṣe ń pè é

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi tó dùn mọ́ mi létí. Rẹ̀mí ni mò ń jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é, ahọ́n wọn á ká sẹ́yìn, kò ní kan nǹkan kan, ètè á sù pọ̀ díẹ̀, ó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di "Wẹ̀mí."

Bí r bá sì wà níparí ọ̀rọ̀, gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì: "car" di "káà", "four" di "fọ́ọ̀". Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bí tísà Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ wo mọ́tò, dókítà, lọ́yà: r dà nínú wọn? Etí la fi yá wọn, a ò fi ojú yá wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé r tí wọ́n gbé mì tún máa ń jí. "Far" kò ní i, ṣùgbọ́n nínú "far away", ó ti padà dé. Wọ́n tún ń fi síbi tí kò sí: "law and order" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, "lọ́ọ̀rán ọ́ọ̀dà" ni.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross lọ sí Edinburgh ní Skọ́tlándì, ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn Newcastle, òkun yọ lápá ọ̀tún. Màmá àgbà kan, ọmọ Skọ́tlándì, ló jókòó tì mí. Ó nawọ́ sí òkun, ó pè mí ní "girl". Sílébù méjì ni mo gbọ́, "gírọ̀l", r inú rẹ̀ ò sì fara pamọ́: ahọ́n màmá ta lára àjà ẹnu, bí ìgbà tí ìyá mi bá ń sọ pé "àárọ̀".

Ọ̀pọ̀ ará Skọ́tlándì ṣì ń pe r tí wọ́n bá kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ahọ́n wọn ń ta bẹ́ẹ̀. Àwọn ará gúúsù Ẹ́ńgílándì náà ń pè é tẹ́lẹ̀ rí. Nǹkan bíi sẹ́ńtúrì kejìdínlógún ló ń parẹ́ lẹ́nu wọn, ìwé kíkọ ni kò tẹ̀ lé wọn. Ní Bristol, lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù náà, ẹ ṣì lè gbọ́ ọ.

Màmá béèrè orúkọ mi. Mo sọ fún un. Ó ní, "Rẹ̀mí."

Mo ti dáhùn "Mà" kí n tó rántí ibi tí mo wà.