Ẹni tí wọ́n ń lé àti ẹni tó ń lé nǹkan

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi. Sátidé nìyí, iná ò sí láti àná, bátìrì fóònù mi ò sì pọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ n yára kọ ohun tó wà lọ́kàn mi kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tí mo pàdé lójú ọ̀nà Mọ̀pà ló gbà mí lọ́kàn látàárọ̀. Níbí ní Ìsánlú, tí èèyàn bá tètè jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, títì máa ń dá, ọ̀kadà ò tíì pọ̀, èèyàn lè sáré kó sì gbàdúrà láìsí wàhálà. Àsìkò káṣù la wà yìí, àwọn tó ń lọ ṣa káṣù ti máa ń wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Mo kí ìyá yìí, "Ọ̀kun o, mà," ó dáhùn, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló ń lé ẹ?" Mo ní kò sí nǹkan tó ń lé mi mà, mo kàn ń sáré ni. Ó ní, "Háà, èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o. Bí o ò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ló ń lé ẹ." A jọ rẹ́rìn-ín, ó súre fún mi, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Torí tí ẹ bá wò ó dáadáa, eré méjèèjì yẹn ò jọra rárá. Ẹni tí ejò ń lé, gbogbo agbára ẹ̀ ló máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ ibi tó ń lọ, ibi tó ti ń sá kúrò nìkan ló mọ̀, tó bá sì ti bojú wẹ̀yìn tí kò rí ejò mọ́, eré tán nìyẹn, ó máa jókòó sílẹ̀. Ara èèyàn ò sì lè gbé irú eré yẹn jìnnà. Usain Bolt tó sá mítà 100 ní sẹ́kọ́ńdì 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, kódà òun náà ti kọjá ibi tí eré ẹ̀ ti gbóná jù kó tó dé òpin, mítà 100 péré là ń sọ yẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lé nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún sì wà lọ́nà jíjìn, ó gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń mí, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa ná báyìí àti èyí tó máa fi pamọ́ de òkè tó wà níwájú.

Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ejò ló lé wa dé ọ̀dọ̀ Jésù. Àìsàn, àìríṣẹ́, àìrọ́mọbí, àlá burúkú, ọ̀tá ilé. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, Jésù fúnra ẹ̀ ò lé irú wọn padà rí. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17, ẹ̀tẹ̀ ló lé wọn wá, ó sì wo gbogbo wọn sàn. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí. Wọn ò kúkú ṣe nǹkan burúkú, wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà bó ṣe ní kí wọ́n ṣe, ohun tó ń lé wọn ló kàn ti kúrò lẹ́yìn, ni ẹsẹ̀ bá dúró. Ẹnì kan ṣoṣo tó padà, ará Samáríà, òun ti rí nǹkan míì tó máa lé, kì í ṣe ìwòsàn mọ́, Ẹni tó wò ó sàn ló ń wá.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta bá dé. Ṣọ́ọ̀ṣì á kún dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa wá bẹ́ǹṣì kiri, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mì tí a bá ń gbàdúrà. Ẹ wá padà wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn ìyá àgbà díẹ̀ àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ máa bá. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé Ọjọ́rú yẹn lèèyàn máa ń nílò lọ́jọ́ tí nǹkan bá le.

Ẹ wá wo Pọ́ọ̀lù nínú Fílípì orí kẹta. Ó ní ọwọ́ òun ò tíì tẹ̀ ẹ́, òun gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn, òun ń nàgà sí ohun tó wà níwájú, òun ń lépa. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ọ́ o! Ní orí kìíní ìwé yẹn kan náà ló ti ń sọ̀rọ̀ ìdè ẹ̀. Àwọn tó ń lé e ti lé e bá, wọ́n ti mú un, tó bá jẹ́ pé tìtorí wọn ló ṣe ń sáré ni, ọjọ́ tí wọ́n mú un leré ẹ̀ ì bá ti parí. Àmọ́ kò parí, ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ló ń sọ pé òun ń sáré lọ. Mo ka ibẹ̀ lónìí, mo fi Bíbélì lé orí ẹsẹ̀, mi ò lè kà kọjá ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó mọ̀ nípa eré sísá máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: tí o ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, o ti yára jù, dín in kù. Orin lèmi fi ń dán an wò. Tí mo bá lè kọ ẹsẹ orin kan tán, ó dára, tí ohùn bá ń gé, mo máa rọra. Àwọn asáré ọ̀nà jíjìn tó gbóná gan-an náà, eré pẹ̀lẹ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń sá lọ́sẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkàn ti ń lágbára sí i, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín ti ń pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rí i. Oṣù á gorí oṣù kó tó hàn síta. Bí mo ṣe rí ìgbàgbọ́ náà nìyẹn: orí Bíbélì kan láàárọ̀ kódà nígbà tí kò dà bíi pé ó wọlé, àdúrà ìdílé lálẹ́ tí àwọn ọmọ ń tòògbé, kéèyàn gbé ẹnu dákẹ́ nígbà tí wọ́n bú u lọ́jà. Hébérù 12 ní ká fi sùúrù sá eré tó wà níwájú wa, mo sì gbà pé irú àárọ̀ àti alẹ́ báyìí ló ń bá wí.

Gbogbo èèyàn tó fẹ́ràn eré ló mọ Eric Liddell, ọmọ Scotland tó kọ̀ láti sá mítà 100 ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 1924 torí pé ọjọ́ Sunday ni wọ́n fi ìdíje àkọ́kọ́ sí, tó wá sá mítà 400, tó gba góòlù ní sẹ́kọ́ńdì 47.6. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló mú mi jù. Lọ́dún 1925 ó lọ sí Ṣáínà bíi míṣọ́nnárì, ó ń kọ́ ọmọ léèkọ́, ó ń wàásù lábúlé, títí ogun fi dé tí wọ́n fi kó òun àti àwọn míì sí àgọ́ ìhámọ́, ibẹ̀ ló kú sí ní 1945. Eré àkọ́kọ́ ò tó ìṣẹ́jú kan, ayé pàtẹ́wọ́. Ìkejì gbà á lógún ọdún, kò sí pápá ìṣeré, kò sí mẹ́dàlì.

Tiwa nílé náà ńkọ́? 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà wa yìí. Ó di 1954 kí ìjọ tí iṣẹ́ SIM yẹn bí, tó ń jẹ́ ECWA, tó dúró lórúkọ ara ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀, ẹ wo iye àwọn bàbá wa tó gbà gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́ tó ti sùn kí wọ́n tó rí i. Ká ní ejò ló ń lé wọn ni, wọn ì bá ti jókòó tipẹ́.

Eré ọ̀nà jíjìn kì í sì í ṣe ti ẹnì kan, ìyẹn ló mú kí n rántí arákùnrin kan nínú ìjọ wa. Nígbà tí Eliud Kipchoge, asáré ọ̀nà jíjìn ọmọ Kenya, sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti sẹ́kọ́ńdì 40 ní Vienna lọ́dún 2019, asáré 41 ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn yí i ká, wọ́n ń bá a dí atẹ́gùn kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Wọn ò ka ìyẹn mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ayé, ó sì tọ́ lójú mi, ìdíje ní òfin tiẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìgbàgbọ́, òfin gan-an ló ní ká máa ru ẹrù ara wa. Arákùnrin yìí, látìgbà tí àìsàn ti dá ìyàwó ẹ̀ dùbúlẹ̀ ni a kò ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, mo sì ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ó ti padà sẹ́yìn. Mi ò gbà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́la lẹ́yìn ìsìn mo máa gba ilé wọn kọjá kí n kí ìyàwó, mi ò sì ní bi ọkọ pé kí ló dé tí a ò rí i. Tó bá gbà, a jọ máa lọ sóko ní Mọ́ńdè, torí mo gbọ́ pé ebè iṣu tó yẹ kó ti kọ tán, kò tíì kọ ìdajì ẹ̀, mo ti bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, òun náà máa mú ọkọ́ tiẹ̀ wá.