Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Dán Nǹkan Wò Kí Ẹ Tó Fi Àpẹẹrẹ Hàn Án

Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ohun èlò ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: kò sí ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì kò tó, àwọn òbí kò rówó ra ìwé ìyàwòrán. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé àìsí ọ̀dà kọ́ ló ń pa iṣẹ́ ọnà jù ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àpẹẹrẹ tí a máa ń gbé kọ́ ojú pátákó kí ọwọ́ ọmọ tó kan nǹkan kan ló ń pa á. Ọmọ tó bá ti rí bí iṣẹ́ ṣe máa parí kò ní wá ọ̀nà mìíràn mọ́. Yóò kàn máa ṣe àfarawé, yóò sì máa bèèrè ṣáá pé, "Mà, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

Ẹ jẹ́ ká mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má bàa mú ibẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ́ ọ ni pé olùkọ́ á ti se ẹ̀kọ láfún wá láti ilé, á ya ọnà kan sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á sì fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ̀kan náà. Ní tèmi, ojú àwọn ọmọ ni a ti ń sè é: láfún, omi, àti álọ́ọ̀mù díẹ̀ lórí sítóòfù. Mo máa ń pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn kan á jẹ́ kí tiwọn ṣàn, àwọn kan á jẹ́ kó ki. N kì í yan ohun tí wọ́n máa fi kọ ọ́ fún wọn, ìbáà jẹ́ ìyẹ́ adìyẹ, ìgbálẹ̀, tàbí òòyà tó ti ká léyín. Ẹ̀kọ tó bá ṣàn jù, aró á gba ibẹ̀ wọlé, ojú ọnà náà kò sì ní mọ́. Èyí tó bá ki jù á sán bó bá ti gbẹ.

Ọmọbìnrin kan ní SS1 ké sí mi lọ́jọ́ kan: "Mà, tiwa ti sán, ó ti bàjẹ́." Mo ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́ dànù, kí wọ́n rì í bọ aró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aṣọ náà gbẹ, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ìlà wẹ́wẹ́ ti ta káàkiri ojú funfun rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Gbogbo kíláàsì pagbo yí i ká. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Mà, ṣé a lè mú kó sán níbi tí a bá fẹ́ nìkan?" N kò dá a lóhùn. Ó mú aṣọ mìíràn, ó fi ẹ̀kọ kùn ún, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá ká igun kan ṣoṣo mọ́ra kó tó rì í. Igun yẹn nìkan ló ta ìlà.

Ìgbà kejì yẹn ni mo máa ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ìgbà kejì, ọmọ ló mú kó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oníkálukú ní ìwé kan tí yóò máa lẹ ègé aṣọ rẹ̀ mọ́, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, kó sì kọ ohun tó ṣe sí abẹ́ rẹ̀. Mo ń fún ìwé yẹn ní máàkì. Bí ẹ kò bá fún un ní máàkì, àwọn ọmọ á rò pé iṣẹ́ tó parí nìkan lẹ ń fẹ́, ẹ̀rù á sì tún máa bà wọ́n láti ṣe ohun tí kò dá wọn lójú.

Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní ìfiṣòfò ni, ẹ sọ ìtàn Bruce Onobrakpeya, gbajúmọ̀ atẹ̀wòrán, fún un. Olùkọ́ bíi tiwa ni; láti 1963 títí di 1980 ló fi kọ́ni ní St. Gregory's College l'Ékòó. Ní 1967, ásíìdì ba irin tó fi ń tẹ àwòrán jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò jù ú nù, ibẹ̀ ló sì ti rí ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tó pè ní plastograph. Ẹ tún wo àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, Adebisi Fabunmi fi òwú ṣe tirẹ̀, Asiru Olatunde tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ sì lu ìtàn sára páànù. Ohun tó wà nítòsí wọn ni wọ́n mú.

Ibì kan wà tí n kì í fi sílẹ̀ fún ọmọ rárá: kọ́sítíìkì tí a ń pò mọ́ aró òyìnbó. Èmi fúnra mi ni mo ń pò ó, ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí láéláé, nítorí ó lè ta síni lójú. N kì í sì í gbà kí wọ́n sun ọ̀rá píọ̀wọ́tà láti fi mọ nǹkan, èéfín rẹ̀ kò dára.

Ẹni tí kò bá rówó aṣọ àti aró, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀. Ẹ rán àwọn ọmọ kí wọ́n bù ú wá láti ibi tí wọ́n ń gbé: pupa, funfun, dúdú, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ sá a, ẹ gún un, ẹ fi aṣọ àlòkù jọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun àti omi pò ó. Ẹ má sọ ìwọ̀n gọ́ọ̀mù náà fún wọn. Bó bá kéré jù, á máa bọ́ sọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, á máa dán, á sì sán lójú ìwé. Wọ́n á fúnra wọn rí i. Kí ẹ sì tètè bẹ olùkọ́ tó ń ṣe táímù-tébù pé kó so píríọ́dù méjì pọ̀ fún yín, torí ogójì ìṣẹ́jú kò ní tó erùpẹ̀ gbẹ.