Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tẹ́ ẹ bá ń gba kímò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀ nílé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, irun tó máa já àti èébì ni gbogbo èèyàn ń sọ fún wa, a sì múra sílẹ̀ fún èébì yẹn gan-an, wọ́n fún un ní ondansetron tó ń dá èébì dúró, wọ́n tún ṣàlàyé pé èébì lè má tètè dé, pé ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ondansetron yẹn náà lè mú kí ìgbẹ́ le. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko kò lọ sílé ìgbẹ́, inú ẹ̀ le bí ìlù, kò sì sọ fún mi. Ojú ń tì í.

Ìtìjú yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa nígbà tí wọ́n fún un ní kímò ìkejì.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìkejì yẹn, ìgbẹ́ gbuuru dé. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago méjì òru mo ka ẹ̀ẹ̀meje, omi lásán ni, èmi ò mọ̀ pé ó ti ń yọ́ lọ látàárọ̀, tó ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n má baà gbọ́. Mo ti já loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, sí àtẹ́lẹwọ́, mo ní ṣebí kímò ló fà á, ó máa dá. Ló bá ní òtútù ń mú òun. Mo fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, ó gbóná fòò. Tàmọ́mítà ní 38.4.

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí káàdì ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbé e ní kí n má fún un ní loperamide, kí n má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, kí n ṣáà máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo bínú sí i díẹ̀ nígbà yẹn o, ẹni tó ń jìyà báyìí ẹ ní kí n má fún un ní nǹkan kan, àfìgbà tí dókítà ṣàlàyé fún mi.

Ó ní kímò máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín, jẹjẹrẹ sì ń yára pín, ṣùgbọ́n awọ inú ìfun náà ń yára pín, torí ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ ló fi ń pààrọ̀ ara ẹ̀, mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà ń yára pín. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń bó, tí ìfun ń bó, tó sì jẹ́ pé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 yẹn náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń kéré jù lọ. Bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, àmọ́ ìfun tiẹ̀ ti lanu, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ò sì sí níbẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ì bá bo ibà yẹn mọ́lẹ̀, a ò bá ti sùn lé e lórí.

Wọ́n fa àǹtíbáyótíìkì sí i lára kí èsì kankan tó jáde, wọ́n gba ìgbẹ́ ẹ̀ fún àyẹ̀wò. Clostridioides difficile, kòkòrò àrùn kan tó ń ba ìfun jẹ́, ni wọ́n rí. Ó ti lo àǹtíbáyótíìkì kan ṣáájú nítorí eyín, ìyẹn ti pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun, lèyí bá ráyè. Tí kòkòrò yìí bá wà nínú ìfun, ẹ má dá ìgbẹ́ dúró láìbi dókítà, torí májèlé ẹ̀ lè há sínú. Sanítáísà kì í pa irúgbìn líle (spore) tí kòkòrò yìí fi ń sá pamọ́ o, ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru kímò ni kòkòrò ń fà, oògùn kímò bíi irinotecan lè fà á fúnra ẹ̀, loperamide yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń lò fún un. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nílé, ojú mi ò lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ibà tó bá ti dé 38, inú tó ń ro burúkú, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, omi tí kò dúró nínú, ẹ pè wọ́n, kódà láàárín òru.

Ní báyìí ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ó pè mí, ó nà án sí mi, "ẹ̀ẹ̀mejì, kò ṣàn" ló kọ síbẹ̀.