Alẹ́ Kan Nínú Ilé Koríko ní Shirakawa-go

Ẹni tí ó bá ń wá ìgbádùn òtẹ́ẹ̀lì, kí ó má ṣe gba Ogimachi lọ nígbà òtútù. Abúlé yìí, tí ó wà ní agbègbè Shirakawa-go láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ Gifu ní Jàpáànì, jìn tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀sì láti ìlú Takayama fi ń gba inú ihò òkè kan bọ́ sínú òmíràn fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. UNESCO ti ka àwọn ilé koríko ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 1995, àwọn onílé kan sì ń gba àlejò sínú wọn.

Ẹní, ibùsùn títẹ́ sílẹ̀ àti sítóòfù kẹrosíìnì ni gbogbo ẹrù iyàrá mi, ilẹ̀kùn oníbébà lásán ni ó sì là mí láàárín pẹ̀lú bàbá kan tí ó hanrun mọ́jú. Balùwẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń lò. Kí ènìyàn tó wọ inú omi gbígbóná, ó gbọ́dọ̀ ti fi ọṣẹ wẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí inú omi yẹn náà ni ẹni tí ó kàn yóò wọ̀.

Ìdí ààrò tí wọ́n gbẹ́ sí àárín ilé ni gbogbo wa sá sí. Wọ́n fi igi gún ẹja odò, wọ́n ri ìdí igi náà mọ́ inú eérú kí ẹja lè máa yan díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyín iná. Ìyá onílé sì tẹ́ ewé gbígbẹ kan, ó fi míso (ẹ̀wà sóyà gígún tí wọ́n bò kí ó kan) àti olú lé e lórí, òórùn rẹ̀ sì jọ ti irú tí ó bá ta sí epo. Èéfín ibẹ̀ ta mí lójú gidigidi, àmọ́ iṣẹ́ ni ó ń ṣe: ó ń gòkè lọ sí àjà tí wọ́n ti ń sin kòkòrò sílíìkì láyé àtijọ́, ó ń gbẹ koríko òrùlé, ó sì ń lé kòkòrò kúrò lára okùn tí wọ́n fi so igi òrùlé pọ̀, nítorí wọn kò kan ìṣó mọ́ ọn. Ọmọ ìyá onílé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún wa pé àáró ni wọ́n fi ń pa koríko tuntun sí i: gbogbo abúlé á tú jáde sórí òrùlé ẹnì kan, òun náà á sì san án padà lórí ti ẹlòmíràn.

Ẹ tètè dé kí oúnjẹ alẹ́ má baà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ mú ibọ̀sẹ̀ tí ó nípọn dání, kí ẹ sì kó owó sápò, nítorí púpọ̀ nínú àwọn onílé yìí kì í gba káàdì.